Bọ̀dá Ràfíù àti Ẹyin Abẹ́ Adìyẹ

Òórùn ilé adìyẹ tí òjò òru pa ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, àti èéfín igi ìdáná màmá mi, ní àgbàlá wa ní Ìlobù. Àárọ̀ ọjọ́ kan báyẹn ni mo kọ́kọ́ fojú rí ọkàn tó ń lù.

Bọ̀dá Ràfíù, àbúrò màmá mi, ló fi hàn mí. Ìfọ́n, ìlú tó bá tiwa pààlà, ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì. Ọmọ Ìlobù ni bàbá mi. Tíṣà bàọ́lọ́jì ni Bọ̀dá Ràfíù, wọn kì í rí kòkòrò kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n fa ẹyin kan yọ lábẹ́ adìyẹ tó ń sàba, wọ́n rọra ṣí orí èèpo rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ti ta ká orí pupa ẹyin bí gbòǹgbò, ohun pupa kékeré kan sì ń sọ kì, kì, kì láàrin rẹ̀.

"Ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Kò tíì níyẹ̀ẹ́, kò tíì lẹ́sẹ̀. Bó ṣe wà yìí, ìwọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ rí."

Màmá mi pariwo láti ìdí ààrò: "Ràfíù, o ti pa òròmọdìyẹ mi kan nìyẹn!" Bí wọ́n ṣe ń pariwo náà ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, bí Bọ̀dá Ràfíù bá ti gun ọ̀kadà wá ní Sátidé, a ó máa ṣí òkúta kiri. A ya àwọn eléegun ẹ̀yìn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò ní. Wọ́n fi hàn mí pé bí a bá la ekòló gbọọrọ, ọ̀tún rẹ̀ á bá òsì mu, bíi tèmi gan-an.

Àwọn ọmọ kan nílé kéú ń pè mí ní àdán nítorí ìyá mi tó jẹ́ ará Ìfọ́n: kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Mo sunkún délé. Bọ̀dá Ràfíù ní, "Àdán mọ ẹbí rẹ̀. Ó nírun lára, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹni tó ní kò níbìkan ni kò wò ó dáadáa." Mo gbà wọ́n gbọ́ pátápátá.

Nígbà tó yá, ìjà ilẹ̀ bẹ́ láàrin ìlú méjèèjì. Oko kajú bàbá mi jóná; a kò mọ ẹni tó sun ún títí dòní. Bí ọ̀nà ṣe ṣí díẹ̀, Bọ̀dá Ràfíù wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà wa.

"Ẹ kú àdánù, ẹ̀gbọ́n."

"Àwọn èèyàn rẹ ló sun ún," ni bàbá mi wí.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ wọ́n."

"Dìde. Má tẹ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́."

Màmá mi ti kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Màmá yìí kan náà ló máa ń kìlọ̀ fún àwa ọmọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Lọ́jọ́ náà wọn kò rẹ́ni wí i fún. Bọ̀dá Ràfíù gbọn erùpẹ̀ àyà wọn nù, wọ́n wò mí, wọ́n lọ. Kí táàmù ilé-ìwé tó parí, wọ́n ti fi iṣẹ́ àti Ìfọ́n sílẹ̀. Ẹnì kan sọ pé Kánò ni wọ́n wà, ẹlòmíràn sọ pé Kùtọnu ni. Fóònù wọn kò lọ mọ́.

Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi gúnlẹ̀, bàbá fúnra wọn ló ń bẹ̀ mí pé kí n wá Ràfíù kàn. Mo wá wọn títí. Bàbá mi kú láìrí wọn.

Sùọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣogbo báyìí. Láti ìgbà tí ìjà tún ti bẹ́, àwọn ọmọ ìlú méjèèjì kò jókòó pọ̀ mọ́ ní kíláàsì mi. Bí mo bá délé, màmá mi á bi mí: "Ṣé o gbúròó Ràfíù?"

"Rárá, màmá."

"Ó dáa." Wọ́n á kọjú sí ògiri.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà gbà pé ohun tí àgbà bá bà jẹ́, àgbà ní í tún un ṣe. Kí òun ọmọ ṣáà ní sùúrù. Mo ti di àgbà náà. N kò mọ ibi tí àgbà ti ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.