Iyán Tí Wọ́n Fún Ẹṣin Jẹ

Ẹṣin kì í bì. Bí èèyàn bá jẹ ohun tí kò bá a lára mu, yóò bì í dànù, yóò sì fọwọ́ nu ẹnu. Ajá ń bì, ológbò ń bì. Ní ti ẹṣin, ohun tó bá ti gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá, àfi kó gba ìdí jáde tàbí kó pa á. Ohun tí mo fi máa ń dẹ́rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn, n óò sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ sin bàbá mi l'Òsì, ìlú wa, ọ̀rọ̀ náà ò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ti wọ aṣọ ìsìnkú, bàtà ni mo ń wá, nígbà tí ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin yọjú lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọmọ Ìlọrin ni, àgbà ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan." Bí ẹni tí kì í pariwo bá ní kó o wá wo nǹkan, nǹkan ọ̀hún ti bàjẹ́ nìyẹn.

Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ni wọ́n so ẹṣin náà mọ́. Ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú walẹ̀, ó ń bojú wẹ̀yìn wo ìhà ara rẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń fi nǹkan gún un níbẹ̀. Òógùn ti bo ọrùn àti àyà rẹ̀, inú rẹ̀ sì ti wú. Mo gbé etí lé ìhà rẹ̀. Inú ẹṣin tó dá ṣáṣá kì í dákẹ́, ṣe ló máa ń kùn ṣáá bí ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná. Èyí dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí ẹṣin ń wá níbi òkú bàbá mi. Oyè tí bàbá mi jẹ ládùúgbò wa, oyè ẹlẹ́ṣin ni. Bí ẹni tó jẹ ẹ́ bá kú, wọn a di ẹṣin ní gàárì, wọn a gbé fìlà olóògbé lé orí gàárì láìsí ẹni tó gùn ún, wọn a wá fà á yí àdúgbò ká kí òkú tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ ẹṣin kì í pẹ́ nílẹ̀ wa. Eṣinṣin inú igbó máa ń kó àrùn bá wọn, wọn a sì gbẹ títí wọn a fi kú. Bàbá mi jẹ oyè ẹlẹ́ṣin dọjọ́ ikú rẹ̀, kò sì sìn ju ewúrẹ́ lọ. Ìlọrin ni a ti máa ń lọ yá ẹṣin wá, bí a ṣe ń yá kánópì.

Ẹni tó yá mi ní tèmi, Bàbá Ẹlẹ́ṣin ni mo máa ń pè é, n ò ní í dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí dókítà ẹranko, tí mo ní ẹṣin ni mo fẹ́ máa tọ́jú, kò tíì sí obìnrin tó dán irú ẹ̀ wò lágbègbè yẹn. Gbogbo ilé ẹṣin tí mo wọ̀ n'Ìlọrin ni wọ́n ti ń wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kì í fọwọ́ kan ẹṣin oyè. Ẹnì kan bi mí pé ṣé adìyẹ ti tán nílùú ni. Mo ti fẹ́ gbà fún wọn, kí n máa lọ fún ajá àwọn olówó lábẹ́rẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ mi, kí bàbá yìí tó fa okùn ẹṣin rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Ó ní, "Gbà. Ẹṣin ò mọ̀ pé obìnrin ni ẹ́." Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀.

Bàbá náà ti darúgbó báyìí. Làkúrègbé ti mú eékún rẹ̀ méjèèjì, kò lè fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu géètì. Ẹṣin yìí nìkan ló ń gbé e jáde, òun ló ń gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, òun ló ń gbé e dé ilé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kù láyé. Ẹran náà ti mọ̀ ọ́n débi pé á fara ti pèpéle, á dúró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí bàbá á fi gùn ún tán. Wọ́n ti gbìyànjú òmíràn fún un, ìyẹn ta á dànù. Nígbà tó gbọ́ pé bàbá mi kú, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi nìyẹn. Mú un lọ, kó o sì dá a padà fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dún létí mi bí mo ṣe ń sáré lọ sídìí ọkọ̀. Àpò iṣẹ́ mi kì í kúrò nínú búùtù, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo fún ẹṣin náà lábẹ́rẹ́ tó ń dín ìrora kù, mo sì sọ fún olùtọ́jú rẹ̀ pé bó bá di dandan kó fi okùn gbé e dúró, kó ṣe bẹ́ẹ̀, kó má ṣáà jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Bí ẹṣin tí inú ń run bá yí nílẹ̀, ìfun rẹ̀ lè lọ́ mọ́ra. Bó bá sì lọ́, àfi ká la inú rẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń la inú ẹṣin ní gbogbo agbègbè wa, láti Ìlọ́fà títí dé Ararọ̀mí-Ọ̀pin.

Mo bèèrè pé, "Kí ló jẹ?"

Olùtọ́jú ní koríko àti eérí bàbà tí àwọn gbé wá láti Ìlọrin ni. Ó ní òun kan lọ wẹ̀, òun sì lọ jókòó díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. Mo yíjú sí àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ń dáná. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ dákun, kí lẹ fún un?" Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní omi ni. Òmíràn ní àwọn ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn, pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn. Àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, kàn ń ṣa ẹ̀wà lọ ní tirẹ̀, kò gbójú sókè.

Inú bí mi. Mo mọ àwọn èèyàn mi. Nílé òkú, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ọwọ́ òun ni nǹkan ti bàjẹ́. Mo ní, "Ẹran yìí ò lẹ́nu tó lè fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́nu, ẹ tún wá pa á mọ́!"

Mo bá mú rọ́bà gígùn, mo fi òróró pa á, mo tì í bọ imú ẹṣin náà. Iṣẹ́ yìí ti mọ́ mi lára, síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni mo tì í lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà méjì ló wà nínú lọ́hùn-ún, ọ̀kan lọ sí ikùn, èkejì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bó o bá ṣìnà tó o wá da omi sí i, o ti pa ẹṣin sínú omi lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo dúró títí ó fi gbé e mì. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo gbóòórùn ẹnu rọ́bà náà, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí ọkàn mi ò balẹ̀. Nígbà tó wọlé dáadáa, atẹ́gùn kíkan tú jáde fùùù, omi sì tẹ̀ lé e. Nǹkan funfun kan wà nínú omi náà.

Mo fi ìka méjì mú un. Ó ń fà. Èmi ọmọ Èkìtì, ṣé n ò ní mọ iyán ni?

"Iyán! Ta ló fún ẹṣin níyán?"

Ìyá Àgbà gbé ẹ̀wà sílẹ̀. "Uyán ni mo fún un," ó fi èdè wa sọ ọ́, bíi pé ó ti yẹ kí ọ̀rọ̀ náà yé wa láti àárọ̀. "Àlejò ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé koríko ni kí n fi gba àlejò ẹ̀gbọ́n mi?" Ó ní òun ṣù ú ní òkèlè-òkèlè, òun sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Bó ṣe jẹ́wọ́ báyìí ni ẹnu àwọn yòókù là. Ìyàwó ilé òkè ní òun náà gbé iyán díẹ̀ wá, òun ò mọ̀ pé Ìyá Àgbà ti fún un. Ìyàwó ilé ìsàlẹ̀ ní àgbàdo gbígbẹ ni tòun, kí wọ́n má baà sọ pé agbo ilé àwọn ò ṣe àlejò. Kálukú ló ti yọ́ wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹṣin burúkú náà kò sì kọ ti ẹnì kankan.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n bú wọn. Àgbàdo gbígbẹ tó mu omi á wú, iyán á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹran tí kò lè bì á sì máa gbé gbogbo rẹ̀ kiri títí agbẹ̀du rẹ̀ á fi bẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Mo ń fi àrọ epo rọ ọ́ sínú rọ́bà, mo ń fà á jáde padà, díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan funfun náà ń bá omi bọ̀. Kì í pẹ́ tí atẹ́gùn á tún fi kún inú rẹ̀, n óò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ọkùnrin dé pẹ̀lú fìlà olóògbé lórí àwo. Ó ní, "Pósí ti fẹ́ jáde. Ẹṣin dà?"

"Ẹ má bínú, ẹṣin ò lè lọ, bàbá."

"Ẹṣin ò lè lọ?" Ó wo aṣọ mi tí itọ́ ẹṣin àti omi iyán ti bàjẹ́. "Ó dáa, n óò fọwọ́ gbé fìlà. Ìwọ lọ pààrọ̀ aṣọ. Àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sórí pósí, o mọ̀. Òkú kì í dúró de èèyàn."

Mo tún rọ omi sínú rọ́bà. Yèyé mi ló wá bá mi lẹ́yìn rẹ̀, nínú aṣọ opó. Ó wo ẹṣin, ó wo èmi náà. Ó ní, "Ṣé yóò kú?"

"Mi ò mọ̀, Yèyé."

"Bó o bá bá wa lọ ńkọ́?"

"Bí mo bá lọ, yóò kú. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ti rọ́bà yìí."

Ó ní, "Kò sóhun tó tún lè ṣe bàbá rẹ mọ́," ó sì yí padà, ó ń lọ. Mo wò ó lẹ́yìn títí ó fi wọ àárín èrò.

Fóònù olùtọ́jú dún. Bàbá Ẹlẹ́ṣin ni. Olùtọ́jú gbé e sí mi létí nítorí ọwọ́ mi méjèèjì kún. Ó ní, "Dókítà, kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ mi?"

"Inú ń run ún, Bàbá. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Al-hamdu lillah. Bó o bá ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó parí." Ó pa fóònù. Ìyẹn gan-an ló tún dá kún ìbẹ̀rù mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, inú ilé ló sì wà, kò lè lọ sí mọ́ṣáláṣí, nítorí ọwọ́ mi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù. Gbogbo ilé ṣófo, ó ku èmi, olùtọ́jú, àti Ìyá Àgbà tó kọ̀ tí kò lọ. Mo bu òróró níbi tí wọ́n ti ń dáná ìsìnkú, mo rọ ọ́ sínú rọ́bà kí ọ̀nà lè yọ̀ fún ohun tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí dókítà kankan láyé tún lè ṣe ju kí ẹṣin máa rìn lọ. A ń fà á yí igi máńgòrò ká. Mo ń tẹ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ó ń sáré jù. Mo ń ká ètè rẹ̀ wo èrìgì rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ò wù mí. Lẹ́ẹ̀kan, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó fẹ́ wólẹ̀. Mo kígbe pé, "Yéè, mo gbé!" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dì mọ́ ọn, Ìyá Àgbà ń fi èjìká tì í nídìí, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń ṣàìsàn: "Má kú mọ́ mi lọ́wọ́, àlejò ẹ̀gbọ́n mi. Dìde, jọ̀ọ́." Ó dúró. Mi ò gbàgbọ́ pé yóò tún dúró bó bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo tún gbé etí lé ìhà rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo lọ sí ìhà kejì. Ohùn kékeré kan kùn, ó dákẹ́, ó tún kùn. Mi ò gbé etí kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, ẹṣin náà gbé ìrù sókè, ó sọ atẹ́gùn gbàù, ìgbẹ́ tẹ̀ lé e, ó ń dán fún òróró. Ìyá Àgbà fò sókè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìgbẹ́ ẹṣin. Ẹṣin na ọrùn sílẹ̀, ó ń wá koríko. Olùtọ́jú mú korobá, ó lọ pọn omi fún un.

Mo pe Bàbá Ẹlẹ́ṣin. "Bàbá, ó ti yàgbẹ́! Inú rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́!" Ó dúpẹ́ títí, ó ṣàdúrà fún mi, fún ọmọ mi, fún ọwọ́ mi. Ó wá ní, "Bàbá yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti sin wọ́n?"

Mo gbójú sókè. Àwọn èrò ti ń padà bọ̀ láti itẹ́ òkú, wọ́n ń gbọn erùpẹ̀ lára aṣọ.

Mo ní, "Wọ́n ti sin wọ́n."

Láti ìgbà tí wọ́n ti pè mí pé bàbá mi kú, ètò ni mò ń ṣe, pósí, oúnjẹ, ẹṣin, mi ò tíì sunkún. Ibi tí mo dúró sí yẹn ni ẹkún ká mi mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì figbe ta. Olùtọ́jú gbọ́ mi láti ẹnu kànga, ó sọ korobá omi nù, ó sáré bọ̀, ó ń ké pé, "Ó ti kú? Dókítà, ṣé ó ti kú?"

Mo ní, "Kì í ṣe ẹṣin. Bàbá mi ni. Bàbá mi ló kú."