Iṣan Ọrùn Ìyálé Mi

Nígbà tí mo délé ọkọ ní Lálúpọn, kò tíì pẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níbẹ̀. Iyọ̀ ni mo ń tà. Ìyálé mi ń ta epo. Bí wọ́n bá ti fi ìka tọ́ epo wò báyìí, wọn á sọ irú ọ̀lẹ tó sè é. Mo bẹ̀rù wọn, mo sì fẹ́ràn wọn.

Ẹsẹ̀ wọn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó dà bíi pé òwú làwọn ń tẹ̀. Nígbà tó yá, ojú òsì wọn ṣú. Lẹ́yìn oṣù bíi méjì, ojú là, ẹsẹ̀ padà, a dúpẹ́. Nígbà tó di ọdún kejì, ó tún dé. Àwọn ará ilé ní iṣẹ́ ayé ni. Mo ní ayé wo ló máa ń lọ sinmi?

Ni baálé wa bá ránṣẹ́ pe onígbàjámọ̀ kan láti Ìbàdàn, ọkùnrin kan tí kò ju ẹgbẹ́ mi lọ. Ó fọwọ́ tẹ ọrùn ìyálé mi títí.

Ó ní, “Iṣan náà nìyí. Ó wọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ láti orí kò rọ́nà, ó ti di adágún sókè. Òun ló ń ṣú ojú, òun ló ń pa ẹsẹ̀.”

Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ta ni kò tíì rí odò tó dí rí? Ó tẹ́ ìwo tó fi ń fa ẹ̀jẹ̀ sórí ẹní, ó yọ abẹ. Èmi gan-an ni mo di orí ìyálé mi mú.

Wọ́n ní, “Ìyàwó, fi orí mi sílẹ̀. Onígbàjámọ̀, o ti wo ọrùn mi. Ọrùn ta ni o tún wò?”

“Ìyá, àwọn aláìsàn ni mo máa ń wò.”

“Mo rò bẹ́ẹ̀. Wo ti ìyàwó yìí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dùn ún rí, ẹnu ẹ̀ nìkan ló ń ṣàìsàn.”

Ó wò mí. Iṣan mi wọ́ bíi gbòǹgbò ẹ̀gẹ́! Ìyálé mi pe aláàárù tó ń bá wọn ru epo lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ọkùnrin tó máa ń lọ lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn yòókù tó jẹun tán. Tiẹ̀ tún wọ́ ju tèmi lọ. Onígbàjámọ̀ bá fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Wọláhì, Ìyá, tèmi náà wọ́!”

Inú bí baálé wa. “Ṣé o ò fẹ́ kí ara rẹ yá ni?”

“Mo fẹ́ ẹ jù yín lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí abẹ bá ya iṣan ọrùn, ta ni yóò rán an?”

Onígbàjámọ̀ kó ìwo rẹ̀ sápò. Ó ní, “Ìyá, n kò mọ ohun tó ń ṣe yín.” Èmi tí mo máa ń fi gbogbo èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, n kò rí ti ọkùnrin yẹn ṣe. Oníṣègùn tó sọ pé òun ò mọ̀, òun nìkan ni mo rí láyé mi.

Àìsàn náà kò lọ. Ìyálé mi fúnra wọn ló ṣàkíyèsí pé oòrùn àti omi gbígbóná ló ń mú ẹsẹ̀ wọn kú sí i. Wọ́n pa omi gbígbóná tì, wọ́n sì ń lọ sọ́jà nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀pá síwájú, èmi á ru igbá iyọ̀ mi tẹ̀ lé wọn, a ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀nà tí kò jìn. Wọn kì í jẹ́ kí n di ọwọ́ wọn mú, àfi níbi tí ilẹ̀ bá ti yọ̀. Níbẹ̀, wọn á na ọwọ́ sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn, èmi náà á sì gbà á láìsọ nǹkan kan.