Ọjọ́ Tí Mo Bu Omi La Ẹmu Bàbá

Bí mo tilẹ̀ hewú, n kò ní gbàgbé Sátidé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1988. Ẹsẹ̀ ń dun Bàbá, ẹmu tí wọ́n dá kò pọ̀, oníbàárà sì ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá gbé ẹmu ìgbéyàwó. Mo bá yọ́ bu omi àti ṣúgà sí i.

Bí oníbàárà ti dé, Bàbá kọ́kọ́ tọ́ ẹmu wò lójú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà adẹ́mu. Wọ́n wò mí, wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n mú igbà, wọ́n tiro lọ gun ọ̀pẹ. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lókè. Mo pariwo, "Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀!" Wọ́n tún ẹsẹ̀ fi lé ọ̀pẹ, wọ́n ń gùn lọ.

Ìlàjì agbè ni wọ́n gbé bọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n wá sọ fún oníbàárà pé, "Kò pọ̀, àmọ́ ògidì ni."