Omi Ọ̀sà Nínú Ẹ́ńjìnnì Bàbá Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò ọmọ ọmọ mi gbóná mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ìtamágà, ní Ìkòròdú níbí. Bó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn irin gbígbóná àti bẹntiróòlù kọlù mí nímú, mo sì di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bàbá mi ni wọ́n ń wa katapílà tó ń wọ́ gẹdú wá sí Èbúté Ìkòròdú. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń yí kọ́kọ́rọ́, ẹ gbọ́: ẹ́ńjìnnì ńlá katapílà yẹn kì í dá jí. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí Bàbá ń fi okùn fà, òun ló ń jí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú kékeré yìí, ihò tín-ín-rín wà tí omi ń gbà kọjá kó má baà gbóná jù. Omi kànga ni Bàbá ní kí n máa pọn fún un.

Kànga jìn, ọ̀sà sì wà nítòsí. Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi, ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, omi ọ̀sà la sì fi ń sebẹ̀ níbẹ̀. Mo ní omi ni omi ń jẹ́. Mi ò mọ̀ pé omi òkun máa ń wọ ọ̀sà Ìkòròdú lẹ́ẹ̀rùn, tí í fi níyọ̀; mi ò tọ́ ọ wò rí. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi ń bu omi ọ̀sà, tí mo ń fi ìyókù àkókò ṣeré.

Òjò ti ń ṣú nígbà tí kékeré kọṣẹ́. Yóò ké díẹ̀, yóò gbóná, yóò kú. Onígẹdú tó ni katapílà sọ fún Bàbá pé, “Bí òjò bá ba ọ̀nà igbó jẹ́ kí gẹdú mi tó jáde, wáṣẹ́ mìíràn lọ.”

Bàbá tú u palẹ̀ sórí àpò. Nǹkan funfun ti dí àwọn ihò náà pa. Wọ́n fi wáyà ha á, kò ṣí. Wọ́n fi díẹ̀ kan ahọ́n.

“Iyọ̀ rèé o.”

Wọ́n wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Ìyá mi, tí wọ́n ń ta ògì, bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Bàbá wọn, ó jọ èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò mi. Omi kíkan orí ògì ni mo fi ń rẹ ẹ́.” Ta ló ń gba ìmọ̀ràn ológì nídìí ẹ́ńjìnnì? Bàbá gbà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń rọ omi kíkan sí i, tí wọ́n ń fi wáyà ro ó, títí omi tí wọ́n dà sí ojú kan fi jáde lójú kejì.

Onígẹdú dé, ó rí èépá iyọ̀ lórí àpò. “Ta ló bu omi ọ̀sà sí i?”

Mo la ẹnu. Bàbá ti yára dáhùn. “Èmi ni, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, mo kánjú ni.”

Ó bú wọn bí ẹni bú ọmọdé, lójú gbogbo èèyàn. Bàbá mi tí mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu wọn rí káwọ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa okùn. Kékeré ké, ńlá dá a lóhùn, ilẹ̀ gbọ̀n. Gbogbo wọn ń yọ̀, èmi ń sunkún. Lẹ́yìn ìrun àṣàárì, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá gbé garawa lé mi lọ́wọ́. “Kànga,” ni wọ́n wí, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Igbó gẹdú ti di ilé báyìí, kànga wa ti wọ abẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ní Ìtamágà, ọmọ náà ra píọ̀ wọ́tà wá fún mọ́tò rẹ̀. Mo gbà á, mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo tọ́ ọ wò.

“Màmá, píọ̀ wọ́tà mà ni!” Ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó máa dà á sí i. Bàbá mi ti kú tipẹ́, wọn ò sì bi mí rí. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Síbẹ̀, ó ń dùn mí títí dòní pé wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi: èmi ni, Bàbá.