Ìbò Tí Ilé Aṣòfin Kò Sọ Dòfin

Lọ́jọ́ tí wọ́n ka èsì ìbò náà ní gbàgede Paparanda, bàbá mi fò sókè bí ọmọdé. Àwọn abúlé wa ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ ti dìbò bóyá ká ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwa tàbí ká má ní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa la tẹ̀ka sí "bẹ́ẹ̀ ni". "Ó ti parí, àbí?" ló bi mí. Akọ̀wé ìjọba ni mí ní Lọ́kọ́jà, mo sì mọ̀ dáadáa pé kò tíì parí, pé ilé aṣòfin ní Ìlọrin, tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, gbọ́dọ̀ jókòó lé èsì náà kí wọ́n tó sọ ọ́ dòfin. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán. Mo ní, "Ó ti parí, Bàbá."

Mo ṣì ń bínú sí ẹnu mi títí dòní.

Nílé wa, ẹni tó bá fi ilẹ̀ ta ìlú lọ́rẹ ló ń fi àdá tirẹ̀ ṣán an kí ẹlòmíì tó fọwọ́ kàn án. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bàbá mi ti gé oko kajú rẹ̀ lulẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tuntun síbẹ̀. Oko yẹn ló fi ń jẹun, kò ní òmíràn. Nígbà tí mo rí àwọn kùkùté náà, mo yáa wá owó ọkọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ mọ́tò lọ bẹ aṣòfin wa ní Ìlọrin. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ọ̀rọ̀ wa ò tíì kàn. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti lọ sí ìsinmi. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, orin ológun gba rédíò mi kan nílé mi ní Otokiti. Àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba, wọ́n ti tú ilé aṣòfin ká. Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi sùn mọ́jú ọjọ́ náà.

"Ìbò wa ńkọ́?" ló bi mí.

"Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ dòfin mọ́, Bàbá."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ó ku ọwọ́ àwọn aṣòfin yẹn?"

Mo lè tún parọ́. Ó ti sú mi. "Láti Paparanda."

Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò. Mo ní kó jẹ́ kí n sìn ín dé Natako, níbi tó ti máa wọkọ̀. "Jókòó," ló wí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi.