Odò Tí Mo Ní Kì Í Gbẹ

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo dojú bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì mu odò ìlú wa tán. Ẹja ń ta lórí iyanrìn, àwọn àgbà ń bẹ̀ mí kí n dá díẹ̀ padà. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó wá lẹ́ẹ̀rùn, kó wá wo bí odò náà ṣe rí.

Pírámárì kẹta ni mo kà dé. Ẹnu mi ló lọ sí yunifásítì. Ẹnu yìí ló kó bá wa lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ṣètò omi fún gbogbo Òkè-Ògùn dé. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ gbàǹgbà sórí ọkọ̀, ó ní àwọn ń wá àwọn ìlú tí omi wọ́n jù, kí àwọn lè mọ ibi tí àwọn yóò kọ́kọ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí.

"Bàbá, odò yín ńkọ́? Ṣé ó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn?"

Lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ fún àlejò pé odò gbẹ. Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún ìlú aláìlómi? Nígbà tí àwọn àna mi wá wo ilé wa lẹ́ẹ̀rùn, gbogbo agboolé ló da omi tiwọn sínú ìkòkò wa. Bí mo ṣe rí ìyàwó fẹ́ nìyẹn.

"Gbẹ kẹ̀? Ọ̀nì méjì ló ń jà sí àyè nínú rẹ̀!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi fà mí láṣọ.

"Bàbá wọn, ẹ sòótọ́ fún wọn."

"Ìyá wọn, fi mí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

"Ọkùnrin kọ́ ni yóò rù ú."

Nígbà tí ètò jáde, wọ́n ti fi ìlú wa sí ara àwọn tó lómi. Ìlú kejì, lẹ́yìn òkè àpáta, ni wọ́n gbẹ́ kànga fún. Mo sáré lọ bẹ̀bẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn ní Ṣakí. Obìnrin yẹn wò mí.

"Bàbá, àwọn ọ̀nì yẹn ti kú ni?"

Ó ní àwọn ti pín kànga tán. Èmi ẹlẹ́nu, mo bá ọ̀nà ilé lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ìyàwó mi ń gun òkè náà láràárọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí. Àpáta yọ̀ ọ́, ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, kò sì dìde mọ́. Èmi tí n kò ru omi rí ni mo wá ń gun òkè. Àwọn obìnrin fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ: "Bàbá, ẹ di òṣùká yín le o!" Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹni tí mo ń pọn ọ́n fún, wọ́n ní kí n bọ́ síwájú.

Kí òjò tó rọ̀, ó kú. Ó kọ́kọ́ dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Bàbá wọn, mo ti dárí jì yín. Irọ́ yín ló dùn tí mo fi fẹ́ yín." Omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ kí àáfà tó kírun sí i lára, èmi ni mo rù ú wá.

Ẹ jọ̀ọ́, kò dì mí lọ́wọ́ mú. Kò sì dárí jì mí. Èmi ni mo hùmọ̀ ìyẹn. Omi ló ní kí n fún òun. Kò sómi nílé. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ. Kí n tó padà dé, ó ti kú.