Ogójì Ìṣẹ́jú sí Abúlé Ìyá Àgbà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú méje. Mo rántí àkókò náà dáadáa nítorí pé aago ara ògiri pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń wò nígbà tí fóònù mi dún, bí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ṣe máa ń wo aago. Mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí, ìwé ẹ̀rí tí mo gbà nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò sì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló pè. Àwọn ni akọ̀wé abúlé ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Abúlé kékeré ni, ó wà nínú igbó kìjikìji lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, níbi tí èèyàn kì í ti í rí ojú ọ̀run dáadáa àfi bí igi ńlá kan bá wó.

"Ọ̀mọ̀wé," ni wọ́n pè mí, wọ́n sì mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn. "Iṣẹ́ ti dé o. Kò sówó níbẹ̀, ṣùgbọ́n iyì wà níbẹ̀."

Ohun tí wọ́n fẹ́ kò le púpọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan tó ń ṣòwò ní Èkó ti gbọ́ nípa omi tó ń já láti orí àpáta lẹ́yìn abúlé náà. Ó fẹ́ kọ́ ilé àlejò díẹ̀ sẹ́bàá rẹ̀, kí àwọn ará Èkó lè máa wá gbatẹ́gùn. Kó tó wá, ó fẹ́ rí ìwé tó sọ ohun tó wà nílẹ̀, èmi ni wọ́n sì fẹ́ kí n kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì wọ̀, ó ṣèlérí pé òun á ṣe afárá gidi sórí odò ẹnu abúlé.

Ọ̀rọ̀ afárá yìí ló mú mi gbéra. Igi méjì tí wọ́n so pọ̀ ni afárá abúlé wa. Ní ọdún tó ṣáájú, ìyá àgbà yọ̀ láti orí rẹ̀ ṣubú sódò, ìbàdí wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti sọdá odò mọ́. Àbúrò wọn obìnrin wà ní Ìjẹ̀bú-Imusin, ara tiẹ̀ náà kò le, kò lè wá. Fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ mú nínú igbó yẹn. Àwọn àgbàlagbà méjèèjì wá ń fi ẹnu ẹlòmíràn kí ara wọn, bí ẹni tí òkun wà láàárín wọn.

Mo ra ìwé kékeré kan. Mo fa ìlà sáàárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo kọ "Wọ́n sọ pé" sí apá òsì, mo kọ "Mo rí i" sí apá ọ̀tún. Inú mi dùn sí ìlà náà ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, Baálẹ̀ àti àwọn àgbà jókòó, wọ́n ń ka ọrọ̀ abúlé fún mi.

"Kọ ọ́ pé erin ń bẹ," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ ti rí i rí, bàbá?"

"Bàbá mi rí i."

Mo kọ ọ́ sí apá òsì: Erin. Bàbá Baálẹ̀ rí i. Baálẹ̀ na ọrùn wo ìwé mi. "Ṣé ilé ẹjọ́ lo ti ń bọ̀ ni?"

Mo lọ wo omi àpáta fúnra mi. Òótọ́ ni. Ó ga tó ilé alájà méjì, ariwo rẹ̀ sì lè mú kí èèyàn gbàgbé gbèsè. Wọ́n ní kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Mo kọ ọ́ sí apá ọ̀tún pé mo rí i lásìkò òjò. Ti ẹ̀ẹ̀rùn, mo fi í sílẹ̀ ní apá òsì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yẹ gbogbo rẹ̀ wò, láti orí ọ̀bọ dórí kòkó, títí a fi dé orí ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Ọ̀gá Èkó yìí ti sọ pé àlejò òun kò lè rìn ju ogójì ìṣẹ́jú lọ láti ibi tí ọ̀kadà ń já èèyàn sí. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun á wá ibòmíràn. Gbogbo abúlé ló sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé ogójì ìṣẹ́jú gééré ni. Ṣùgbọ́n mo ti fi fóònù mi ka àkókò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ wákàtí kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta dín díẹ̀ nítorí pé òjò lé wa.

"Ogójì ìṣẹ́jú ni," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi tẹnu mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin àti èmi la jọ rìn ín, sà. Mo kà á."

"O ka kíkí mọ́ ọn. A kì í ka kíkí mọ́ ìrìn."

Òótọ́ ni pé a dúró. A dúró lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń fún epo, a kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n bèèrè ìyá mi, wọ́n bèèrè àwọn tí a jọ kàwé, wọ́n bèèrè ìdí tí mi ò tíì fi gbéyàwó. A dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń hú ẹ̀gẹ́. A pẹ́ jù lọ lọ́dọ̀ bàbá olóbì, bàbá arúgbó kan tó máa ń jókòó sídìí igi lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń bó obì láti òwúrọ̀ títí di ìgbà ìrun Àílà lọ́sàn-án. Nínú ìwé mi, gbogbo èyí ni mo pè ní "ìdádúró". Mo wá rò ó pé, bí a bá yọ ìdádúró kúrò, bóyá òtítọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tó kù ni kí n dán an wò. Mo kúkú mọ ọjọ́ tí màá dán an wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọ̀gá náà dé, pẹ̀lú bàtà funfun báláú kan tí ẹrẹ̀ ti ń fojú sí lára. Mo lọ pàdé wọn níbi tí ọ̀kadà já wọn sí, mo tẹ fóònù mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn elépo, wọ́n dìde láti kí wa. Ọ̀gá fẹ́ dúró.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró," ni mo wí. "Mò ń ka àkókò."

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń hú ẹ̀gẹ́. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá olóbì. Bàbá ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ti ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ṣé ká má kí bàbá yẹn ni?" ni ọ̀gá bi mí. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"A ó kí wọn bí a bá ń bọ̀, sà."

A kọjá. A gun orí igi méjì náà sọdá odò. Nígbà tí a dé iwájú ilé Baálẹ̀, mo tẹ fóònù mi: ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì. Mi ò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gba èsì ìdánwò àṣekágbá. Mo sáré gbé e fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọ́n wo fóònù, wọ́n wá wo ojú mi.

"Ta lẹ kí lọ́nà?"

"A ò kí ẹnì kankan. Ìyẹn ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Wọ́n kàn dá fóònù náà padà fún mi jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dá ẹyin padà sínú apẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ fún ọ̀gá, ọ̀gá jẹ ẹ́, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní kí Baálẹ̀ jẹ́ kí àwọn rí àwọn tó ni ilẹ̀ ẹ̀bá omi àpáta.

"Wọ́n ń bọ̀," ni Baálẹ̀ dá wọn lóhùn. "Ẹ ti kọjá lára wọn."

Lóòótọ́, wọ́n ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọn elépo, àwọn tó ń hú ẹ̀gẹ́, gbogbo wọn ọmọ ẹbí kan náà. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni olórí ẹbí, ó gbé apẹ̀rẹ̀ obì dání. Bàbá olóbì ni. Mo ti béèrè lọ́wọ́ bàbá yìí iye igi obì tí wọ́n ní, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò béèrè ẹni tó ni ilẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sáré kọjá lẹ́ẹ̀kan?" ni bàbá bi ọ̀gá. "Mo rò pé ìjàlọ ló lé yín."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí bàbá má bínú, ọmọ yìí ló ní kí àwọn má dúró.

"Ọmọ yìí ń ka ìṣẹ́jú," ni bàbá wí. "Ẹ̀yin, kí lẹ ń kà?"

Ọ̀gá sọ ohun tó gbé wọn wá, bàbá sì ní ẹbí ti gbọ́, àwọn á ronú sí i. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé àgbà tó ní òun á ronú sí i ti ronú tán. Ọ̀gá pẹ̀lú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n padà sí Èkó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ afárá sì bá wọn lọ.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Mo lọ jókòó ti ìyá àgbà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo tiẹ̀ ṣí ìwé mi, mo fi hàn wọ́n pé ìṣirò mi kò ní àṣìṣe. Wọn kò bú mi. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí.

"Ọkọ mi, lọ́jọ́ tí mo ṣubú sódò, ta ló gbé mi?"

Mi ò mọ̀. Mi ò kọ ìyẹn sí apá kankan.

"Bàbá olóbì ni. Ìdí igi ni wọ́n wà, wọn ò rí mi. Wọ́n gbọ́ igbe, wọ́n ní, 'Ohùn ìyá nìyẹn,' wọ́n sáré wá. Ojoojúmọ́ ni mò ń kí wọn nígbà yẹn, báwo ni wọn ò ṣe ní mọ ohùn mi? Àlejò tó bá sáré kọjá, tó bá wá yọ̀, ta ló máa mọ̀ pé èèyàn ló ń ké, kì í ṣe ẹyẹ?"

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún mi nínú abúlé náà, èyí nìkan ni mi ò rí ibi tí mo ti lè jà á níyàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde lọ síbi tí ọ̀kadà ń dúró sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ gbogbo àwọn tí mo ti sáré kọjá lára wọn. Àwọn elépo dárí jì mí kíá, wọ́n tún bi mí léèrè ìyàwó. Bàbá olóbì wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé aago rẹ ti kú ni?"

"Rárá, bàbá. Èmi ni mi ò mọ ohun tí mo fi ń kà."

Wọ́n sún fún mi lórí ìtì igi, wọ́n na ọ̀bẹ kan sí mi. Mo bó obì títí èékánná mi fi dúdú. A ò dárúkọ ilẹ̀, a ò dárúkọ afárá. Nígbà tí mo délé, mo tún ojú ewé kan kọ nínú ìwé tí mo ṣe fún ọ̀gá: Ìrìn, ogójì ìṣẹ́jú. Kíkí, ẹ mú wákàtí méjì dání. Ẹni tí kò bá ní wákàtí méjì, kó má wulẹ̀ wá. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn, mo fi kún un pé èmi ni mo jẹ̀bi. Wọn kò fèsì. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní Ọjọ́bọ̀ kan tí mo wà lábúlé, ọ̀gá dé láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàtà àtijọ́ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n fi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ẹnìkan ta wọ́n lọ́rẹ há abíyá, obì sì kún àpò wọn. Ẹ̀yìn wọn ni bàbá olóbì wà, wọ́n jọ ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù.

"Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùndínlógójì," ni ọ̀gá wí fún mi. "Mo kà á fún ẹ."

Ìpàdé ọjọ́ náà kò pẹ́. Bàbá olóbì ní ẹbí ti gbà láti sọ̀rọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n afárá ló máa ṣáájú. Bí afárá bá dúró, ọ̀rọ̀ á dúró. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, Ìjẹ̀bú ni yín lóòótọ́."

"Ìwọ ńkọ́?" ni bàbá dá wọn lóhùn. Mo ṣàkíyèsí pé bàbá kò pè wọ́n ní "ẹ̀yin" mọ́. Ọ̀gá ti di ọmọ wọn.

Mo ti ríṣẹ́ báyìí. Ọ́fíìsì ni, nǹkan ni mò ń kà níbẹ̀ náà, mo sì ti kọ́ láti máa béèrè ohun tí a yọ kúrò kí iye kan tó lè pé. Àwọn tó bá gbọ́ ìtàn yìí máa ń bi mí bóyá àwọn àlejò ti ń wá, bóyá owó tí ọ̀gá ná ti ń padà wọlé. Mi ò lè sọ. Ilé àlejò méjì ni mo rí, ògiri wọn ti dé ojú fèrèsé. Wọ́n sọ pé àwọn ará Èkó kan ti ń béèrè, mi ò tíì rí ẹyọ kan tó débẹ̀. Omi àpáta kò gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo lọ wò ó fúnra mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tín-ín-rín bí okùn. Erin ṣì wà ní apá òsì.

Ṣùgbọ́n afárá wà. Sìmẹ́ǹtì ni, irin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìṣísẹ̀ méjìlélógún. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n ṣí i, ìyá àgbà múra láti lọ sí Ìjẹ̀bú-Imusin, ọ̀rá gaàrí àbúrò wọn sì wà lórí mi. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Wọ́n dúró kí àwọn bíríkìlà. Wọ́n dúró kí àwọn obìnrin tó ń fọ ẹ̀gẹ́ nísàlẹ̀ odò. Nígbà tí wọ́n dé àárín, wọ́n di irin mú, wọ́n kí bàbá olóbì tó ń bọ̀ láti òdìkejì, àwọn méjèèjì sì bèèrè gbogbo ẹran ilé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gaàrí ń wọ̀ mí lọ́rùn, èmi náà dúró kí bàbá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí òdìkejì ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ìṣísẹ̀ méjìlélógún, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo kọ ọ́ sí apá ọ̀tún.